Ajere Ìyá Mọ́dínà

Gbé ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ ná, Ràúfù.
Mo mọ̀ pé tuntun ni, mo mọ̀ pé owó ara rẹ lo fi rà á,
mo sì gbọ́ ohun tí rédíò wí:
lọ́la, ní ìyálẹ̀ta, òṣùpá yóò gba iwájú oòrùn kọjá,
yóò bù ú jẹ bí ọmọdé ṣe ń bu àkàrà jẹ.
Gbogbo Pákátà ni yóò jáde.
Ṣùgbọ́n gbé e sílẹ̀, wá jókòó, wò mí lójú.
Èyí ọ̀tún. Sún mọ́ mi sí i.
Kí lo rí?
O ò rí nǹkan kan. Ó mọ́ gaara bí omi àmù.
Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Bí o ti tó yìí ni mo tó lọ́jọ́ náà.
Mo wọ dígí dúdú tí mo rà ní Ọjà Ọba,
mo gun òrùlé ọ̀gá mi,
mo ki ojú bọ ihò kámẹ́rà,
mo fi lẹ́ǹsì gígùn fa oòrùn mọ́ra bí ọmọ ìyá ẹni.
Ṣé o mọ ohun tí dígí ń ṣe sí ewé gbígbẹ
bí ọmọdé bá fi kó oòrùn jọ sójú kan?
Ewé a máa rú èéfín.
Ojú mi ni ewé ọjọ́ náà,
àfi pé ojú kì í rú èéfín.
Kò ta mí. Kò gbóná. N kò da omijé kan.
Ata rodo tó ta sí mi lójú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn
ṣe mí níkà jù ú lọ.
Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jẹ ẹ̀kọ, mo rẹ́rìn-ín.

Ó di òwúrọ̀ kejì kí n tó ṣí Kùránì.
Mo rí etí ìwé, mo rí ìlà òkè, mo rí ìlà ìsàlẹ̀;
ọ̀rọ̀ tí mo ń wò gan-an ni kò sí níbẹ̀.
Eṣinṣin dúdú kan ló bà lé e.
Mo fọwọ́ lé e, kò fò.
Ọdún kọkàndínlógún rèé, kò tí ì fò.
Bí ìyàwó bá jókòó kí n yà á,
mo ń rí gèlè, mo ń rí yẹtí,
n kì í rí imú.
Dókítà ní ẹran inú ojú ò ní ẹnu tí yóò fi ké.

Fótò náà ńkọ́?
Bébà funfun báláú. Ó ṣì wà nínú àpótí mi.

O ní o máa fi fíìmù ẹ̀sírè ẹsẹ̀ ìyá rẹ bojú.
Rárá.
Gíláàsì tí a fi èéfín àtùpà kùn?
Rárá, ọmọ yìí. Kì í ṣe gbogbo òkùnkùn ló ń dá iná dúró.
Ìbòjú tí wọ́n dìídì ṣe fún oòrùn wà,
iwájú lẹ́ǹsì ni wọ́n sì ń dè é mọ́,
kì í ṣe ẹ̀yìn, níbi tí iná ti kó jọ tán.
Èyí tí mo ní kí wọ́n bá mi rà n'Íbàdàn kò tí ì dé.

Nítorí náà Òkèlélé là ń lọ lọ́la, sí ẹbu Ìyá Mọ́dínà.
Lọ́jọ́ tí mo wà lórí òrùlé,
ìyá àgbà yẹn kẹ̀yìn sí oòrùn,
ó gbé ajere tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sun sókè,
ó ní kí àwọn ọmọ wo ilẹ̀.
Nínú òjìji ajere, ihò kọ̀ọ̀kan bí oòrùn kan,
oòrùn wẹ́wẹ́ tí òṣùpá ti bù jẹ,
wọ́n tẹ̀ bí èékánná ọmọ tuntun
lórí amọ̀ tútù.
Àwọn ọmọ ń fò lé wọn, wọ́n ń fọwọ́ bù wọ́n,
ẹnikẹ́ni ò gbójú sókè.
Wọ́n ròyìn ẹ̀ fún mi ni.

Ajere tí a ń bú pé kò lè gba omi dúró,
ó gba oòrùn.

Kẹ̀yìn sí i, Ràúfù. Ilẹ̀ ni kí o yà.
Ya èékánná wọ̀nyẹn, ya ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, ya ọwọ́ ìyá.
Màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ,
màá dorí kọ ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, bí adìẹ tó ń ṣọ́ àṣá,
màá fi ẹ̀bá ojú wò ó,
níbi tí eṣinṣin ò bà sí.